Kẹ́ẹ̀gì fún Ọ̀rá Gbémi

Ìjù-Odò,
Oṣù Kọkànlá, 1996.

Gbémi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìtẹ́olúwa ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù tán? Ọlọ́run tó dá yín sí dòní kò ní fi yín sílẹ̀. Ara wa le níbí, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń dà á láàmú, ẹ̀gẹ́ wa sì ta dáadáa bí ewúrẹ́ Lérè aládùúgbò wa tilẹ̀ ti jẹ ewé rẹ̀ tán.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà pé dókítà kan fẹ́ fi ẹ̀rọ fa ọ̀rá inú ikùn rẹ kí aṣọ lè bá ọ mu. Inú mi dùn, nítorí ẹ̀rọ dára, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìfúnpo ti dé Akotogbo a kò fi ẹsẹ̀ tẹ epo mọ́. Ṣùgbọ́n o kò sọ ẹni tí yóò kó ọ̀rá náà. Ohun tó bá ti ara ọmọ wa jáde, ilé là ń sin ín sí, ìwọ́ rẹ ṣì wà nídìí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Mo bá fọ kẹ́ẹ̀gì kan mọ́ tónítóní, mo fi rán Lucas awakọ̀ tó ń ná Èkó sí ọ, kí dókítà rọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, kó má lọ fi se ọṣẹ tà.

Lucas ti lọ tán kí Nọ́ọ̀sì Dora, ọmọ Iléṣà tí ìjọba rán wá sọ́dọ̀ wa, tó yà kí mi. Mo fi yangàn fún un. Ó ní ọ̀pá ni wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ, ó sì lè dá ìfun lu. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rá gan-an lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn, oògùn oorun wọn sì lè má jẹ́ kéèyàn jí. Mo rò pé ìlara ni, torí òun alára gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lọ ṣe é, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọ.

Gbémi, èmi ni mo fi ọ̀rá yẹn síbẹ̀. Nígbà tí mo wá wẹ Ìtẹ́olúwa, ta ló ń ro púpurú ẹ̀gẹ́ fún ọ láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹja ń bò ó mọ́lẹ̀? Bí o bá fẹ́ kó lọ, wálé wá bá mi ru ẹ̀gẹ́, yóò lọ fúnra rẹ̀.

Owó dókítà yẹn, fi ránṣẹ́ sí wa, páànù ilé ìdáná ń jò. Ọwọ́ mi kò tẹ Lucas mọ́, kẹ́ẹ̀gì ti lọ. Jọ̀ọ́, kẹrosíìnì ni kí o rọ sínú rẹ̀, kí o sì gbé e wá fúnra rẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n rí ọ̀rá rẹ gbà kí n má rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Catherine Ọláìtán.