Àmì-Ẹ̀yẹ Bàbá Tó Ń Dán Jù

Àbúrò mi,

Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le níbí, àfi orúnkún Màmá tó tún ń wú. Òrùlé ti ń jò ní yàrá tí mo kó àwọn báàjì àti ọ̀bẹ àyẹ́sí ológun àtijọ́ tí mo ń ṣà jọ sí. Bí mo ṣe ń kó wọn kúrò ni mo mú àmì-ẹ̀yẹ Bàbá wa dání.

Nígbà tó o wá kí wa, o ní o bá mi nu ún. Mo bínú, mo ní a kì í nu irin àtijọ́ dán, dúdú tó dú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. O dọ̀bálẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ni." Mo dárí jì ọ́. Àṣé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lo fi bo ńlá mọ́lẹ̀!

Mo wo etí àmì-ẹ̀yẹ náà lónìí, níbi tí wọ́n fín orúkọ sí. Ṣé o ti gbàgbé pé àwọn ológun ṣi orúkọ Bàbá kọ, wọ́n fo lẹ́tà kan, tí Bàbá fi máa ń rẹ́rìn-ín pé òun jagun, ẹlòmíràn gba ẹ̀yẹ? Orúkọ tó wà níbẹ̀ báyìí pé pérépéré. Ẹni tó rọ ayédèrú yìí kò mọ Bàbá rí. Ọmọ Bàbá ló pe orúkọ náà fún un.

Mi ò ní ṣépè, ọmọ ìyá ni wá. Màmá ò tíì gbọ́. Èyí tí wọ́n ṣi orúkọ kọ sí ni kó o bá mi wá rí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ fi ayédèrú pààrọ̀ rẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.