Èló Ni Ìrora Gìgísẹ̀ Mi?

Simawa,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Kareemat ọmọ mi,

Ó dá mi lójú pé àlàáfíà lo wà, torí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ò lè lágbára àtipàṣẹ fún ìyá rẹ̀ báyẹn lórí fóònù. Ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó burúkú wọn. Ilé wà, òjò ń rọ̀, ewúrẹ́ àbúrò bàbá rẹ sì ti jẹ ewé tí mo fẹ́ fi wé obì.

O ní o ń bọ̀ ní Sátidé láti wá gbé mi lọ sí Èkó, kí n fa ìsọ̀ obì mi ní Ṣàgámù lé Raqeebah ọmọ àbúrò mi lọ́wọ́. O kú ìtọ́jú. Gìgísẹ̀ ń dun ìyá rẹ, o wá rí i pé òkè pátápátá nílé alájà mẹ́ta tí ò ń gbé ló yẹ ẹ́. Ọgbọ́n yunifásítì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí ìsọ̀ yẹn ni mo jókòó sí tí mo fi tọ́ ọ.

Látìgbà tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ti fà níbi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú márúwá, Báyọ̀, dókítà tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá, ní kí n máa dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kí n wá máa rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. Ó fi obìnrin kan tó ń ṣe é sínú fóònù mi. Mo kí obìnrin náà kú iṣẹ́ títí, kò dáhùn, mo gbà pé ìrora ni. Báyọ̀ ní bó bá ń dùn mí díẹ̀ kí n má bẹ̀rù, bí kò bá ti ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá, tó sì rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí n máa ṣe é lọ, pé bẹ́ẹ̀ ni iṣan ṣe ń padà lágbára. Ìwé ti sọ ìrora di oògùn.

Àfi bó ṣe bi mí ní Mọ́ńdè pé, Màmá, nínú mẹ́wàá, èló ni ìrora yín? Èló! Ta ló ń bi oníṣòwò obì ní èló tí yóò kọ́kọ́ sọ iye tó máa gbà? Mo ní mẹ́sàn-án, mo ń dúró kó ná mi. Hàrúnà oníbàárà mi ì bá ti ní kí n gbà á ní ẹyọ kan, à bá sì ti pàdé ní mẹ́ta. Báyọ̀ ò ná nǹkan kan. Ojú ẹ̀ fà ro, ó ní kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró, ó bá pè ọ́. Wọ́n rán ọmọ nílé ìwé, wọn ò rán an lọ́jà rí.

Àná ni mo padà lọ sọ jálẹ̀ fún un, iye tí mi ò lè dín mọ́, pé mẹ́ta ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní kí n máa bá a lọ. Ẹ̀yìn tábìlì obì ni mo ti ń ṣe é báyìí, àwọn oníbàárà rò pé mò ń yọjú wá wọn ni.

Nítorí náà, owó epo mọ́tò tó o fẹ́ fi wá gbé mi, fi ránṣẹ́, kí n fi ra bàtà tó nípọn ní gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ̀ ọ́ o. Àwọn ọmọ rẹ náà á tọ́jú rẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Ìrora gìgísẹ̀ mi, mẹ́ta ni. Èyí tí màá ní bí o bá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ mi, mẹ́wàá ni. Jálẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, má ná mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.