Ẹni Tó Ń Kọ́kọ́ Jí Nínú Ilé Yín

Abúlé Ẹlẹ́ja,
Lọ́nà Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Khairiyyah ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí yàrá tí o ń sùn, mo kí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìdúmàgbò, mo kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí ara wọn kò yá tí wọ́n gbé wá bá ọ, kí Ọlọ́run fún wọn ní ìlera kí àwọn tó ni wọ́n lè tètè wá gbé wọn lọ. Ara èmi náà le, orúnkún ọ̀tún mi nìkan ló ń dùn mí díẹ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán. Àǹtí rẹ Hussainat kí ọ, ó ní o ò pe òun láti ìgbà ààwẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì jọ òbúkọ ilé Àlàájà gan-an, mo sì ti gbé e lọ fi hàn wọ́n kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ò mọ̀.

Nígbà tí o pè mí lánàá tí o ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé wọ́n ti gba iṣẹ́ rẹ, pé o ò kúrò nínú ilé yẹn mọ́, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń dúpẹ́. Àlùhámúdùlílàhì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé láti Èkó, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Lánàá mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin, mo tún wo ìsàlẹ̀ ìkòkò bóyá nǹkan kù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ lórí fóònù. Lẹ́tà ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, torí pé ẹni tó ń ka lẹ́tà kò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, o mọ̀ pé mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ láti àárín.

O rántí pé ọjọ́ Sátidé ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí o ní kí n tẹ̀lé ọ lọ sí ìpàdé yín, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè ṣọ́ọ̀bù ìkòkò ní Ìdúmàgbò. Ẹ̀yin méje lẹ jókòó, kálukú gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ẹ ń jà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan kò wo ojú ẹnì kejì. Mo kí yín, gbogbo yín dá mi lóhùn dáadáa, Dárasími tiẹ̀ dìde fún mi lórí àga rẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ara kọ̀ǹpútà gbogbo yín ni mo ti rí àwòrán pẹ́pẹ́yẹ kan tó wọ kóòtù dúdú tó yọ ikùn funfun síta. Mo bi ọ́ bóyá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ ni. O rẹ́rìn-ín, o ní rárá, àmì ìdílé Línúkìsì ni. Mo ní ará ìlú wo ni wọ́n, o ní ará ibi gbogbo.

O wá ṣàlàyé fún mi. O ní Línúkìsì yìí ló ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, pé láìsí i kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí àpótí. O ní kí n wò ó bí ilé kan tí kò sí ẹni tó ni ín, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń kọ́ láìgba owó, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé gbé, tí èèyàn tiẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ kó sì yí ohun tó bá wù ú padà níbẹ̀, bí kò bá ṣáà ti dí i mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní áà, sàárà ni, bíi kànga tí Àlàájà gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. O ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, inú mi sì dùn pé ọmọ mi wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ pé ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí o ní ó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àyà mi já. Mo ti gbé ilé ẹbí rí, Khairiyyah.

Ìgbà náà ni o sọ ohun tí ìjà wà lórí rẹ̀ fún mi. O ní bí wọ́n bá ti tanná sínú ilé yẹn, ẹnì kan wà tó ń kọ́kọ́ jí, ètò inú kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe èèyàn, òun ló ń jí àwọn yòókù, ẹni tó ń mójú tó ohùn, ẹni tó ń mójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ka aago. Láyé àtijọ́, kó ṣáà ti jí wọn, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èyí tí wọ́n ní báyìí ń jí wọn, ó ń mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń gba àlejò, ó ń ka aago fúnra rẹ̀, ó sì tún ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé sínú ìwé kan tó jẹ́ pé àfi òun nìkan ló lè kà á. O ní o kọ̀wé sí àwọn àgbà ilé Línúkìsì yẹn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ní èyí tó kàn ń jí èèyàn, pé o ti fi oṣù mẹ́fà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Àgbà wọn kan ní ilẹ̀ Jámánì fèsì pé ọmọdé ni ọ́, àná lo dé, kí lo mọ̀ nípa ilé. O kà á fún mi, omi sì lé ròrò sí ọ lójú. O ní bí wọ́n bá da iṣẹ́ yẹn nù, wàá kó ẹrù rẹ jáde níbẹ̀, o ò sì ní wẹ̀yìn wò mọ́. O wá ní atẹ́gùn ló ń ta sí ọ lójú. Kò sí atẹ́gùn kankan nínú yàrá yẹn, fèrèsé wà ní títì.

Ohun kan wà tí bàbá rẹ kò sọ fún ọ rí. Nínú agboolé tí o ń gbé lónìí yẹn náà, kí a tó bí ọ, Bàbá Bashiru, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá rẹ, ló máa ń kọ́kọ́ jí. Bí àkókò àsùbáà bá ti tó, á máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tiwa ẹ̀ẹ̀mejì, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó gba kọ́kọ́rọ́ géètì, torí òun náà ló ń ṣí i. Ó gba ti ẹ̀rọ omi. Àlejò tó bá wá kí ọ á kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó kan láti gbálẹ̀, ẹni tó ni yàrá wo, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé ńlá kan, lẹ́tà kéwú ló fi ń kọ ọ́, ó sì ń kọ ọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé Ààfáà gan-an kò lè kà á. Jíbrílù bàbá rẹ nìkan ló sọ fún un pé Bàbá, jíjí tí ẹ ń jí wa ti tó wa. Wọ́n ní ọmọdé ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló kó ẹrù, a sì wá sí abúlé yìí.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Bàbá Bashiru dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́ náà ẹnì kankan kò jí, géètì wà ní títì, àkàbà ni wọ́n gbé sára ògiri kí àwọn ọmọ tó lè lọ sílé ìwé. Ẹnì kankan kò sì lè ka ìwé yẹn kó mọ̀ pé yàrá bàbá rẹ, ti bàbá rẹ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi gbé inú rẹ̀ ju ogún ọdún lọ kí o tó gbà á padà.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Ilé yẹn ní ìṣe kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ìyàwó ilé kan á wá kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, àwọn àgbà á ní ó ti bẹ̀bẹ̀, ó tó, ọ̀rọ̀ á sì parí. Gbogbo wọn ló ń dúró de ẹni tó máa kúnlẹ̀, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú ìbínú láìsí ìtìjú. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò kúnlẹ̀. Mo ń bínú fún ọkọ mi, ẹní ni mo ń ká. Bàbá rẹ kò sì wọ géètì yẹn mọ́ títí Ọlọ́run fi pè é, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá ń ṣàìsàn, Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń sọ.

Nítorí náà, kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ ní Èkó, nígbà tí o lọ ra búrẹ́dì, mo da àdírẹ́sì àwọn àgbà ilé yẹn tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ kọ sẹ́yìn ìwé oògùn mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan lẹ́tà a tó ká ìrù mọ́ ara rẹ̀. Ìwọ lo sọ pé ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí wọn. Mo gbé e lọ bá Tíṣà Adéníyì, ará Èkìtì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé wa, mo ń sọ, ó ń sọ ọ́ di òyìnbó. Mo ní kó kí àwọn àgbà ilé, kó kí àwọn tó tètè jí àti àwọn tó pẹ́ jí. Pé ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé yín ni mí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ kí ojú má bàa tì í. Bí ẹnu rẹ̀ bá mú jù, ẹ dà á sí mi lára. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Bashiru fún wọn, mi ò dárúkọ òun náà. Mo ní mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni, ó jí wa dáadáa, kó máa jí wa lọ, àmọ́ kí kálukú ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, kí a sì fi lẹ́tà tí gbogbo ilé lè kà kọ ìwé ilé. Mo ní mo kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà kó ẹrù.

Tíṣà ní ṣé kí òun kọ ọ́ pé mo kúnlẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ni mo wà. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún ará Jámánì. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ọ́fíìsì wọn títí ó fi ní ó ti lọ. Mo ní ṣé ó ti dé ọ̀hún, ó ní ó ti dé. Mi ò gbà á gbọ́, torí kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ pàápàá. Mo tún kúnlẹ̀ díẹ̀ sí i, bóyá wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni orúnkún ọ̀tún ti wá.

Ní ọjọ́ Àtàláátà ọ̀sẹ̀ yìí, Tíṣà fi kíláàsì sílẹ̀ ó sáré wá bá mi nídìí ààrò. Àgbà ilẹ̀ Jámánì yẹn ti fèsì. Ó ní ọdún karùndínlọ́gbọ̀n òun rèé nínú ilé yẹn, kò sì sí ìyá ẹnì kankan tó kọ̀wé sí àwọn rí. Ó ní tòun ti kú. Ó ní òun mọ ọmọ tí mò ń sọ, pé òun ti tún iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó mọ́, kí wọ́n gbé e sínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹni tó bá wù mú èyí tó wù ú, pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí i kò dára, òun tọrọ àforíjì. Mo sunkún lójú Tíṣà, ojú ò tì mí. Àwọn míì náà kọ̀wé, ọ̀kan láti ilẹ̀ Íńdíà ní ìyá òun kí mi, ọ̀kan ń béèrè ibi tí ìwé ńlá yẹn wà. Mo ní kí Tíṣà sọ fún un pé ikán ti jẹ ẹ́.

Lánàá tí o pè, o ní ìyá kan kọ̀wé sí yín, pé kálukú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń rò pé ìyá ẹlòmíì ni, torí kì í ṣe ìwọ nìkan lo sọ pé wàá kó ẹrù, Dárasími tiẹ̀ ti pe tirẹ̀ láti bi í. O ní ẹni yòówù kó jẹ́, kí Ọlọ́run bá ọ kẹ́ ẹ. O wá bi mí bóyá ẹnì kan wà ní abúlé wa tó gbọ́ òyìnbó dáadáa. Mo ní ẹja mi ń jóná, mo sì pa fóònù. Kò sí ẹja lórí iná. Khairiyyah, èmi ni. Má bínú sí mi.

Ní báyìí tí wọ́n ti gbà ọ́, bí wọ́n bá ń pín yàrá, má gba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gba èyí tó kọjú sí ọ̀sà. Mo fi pẹ́pẹ́yẹ méjì rán awakọ̀ Salahudeen sí ọ, ìyẹn tó ń kó ẹja lọ sí Èkó, torí mo ti rí i pé ẹyẹ ilé yín ni. Ọ̀kan ni tiyín lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí tó sanra ni ti àgbà ní Jámánì. Bí àgbà náà kò bá tíì lè wá, máa fún pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ní oúnjẹ títí tí yóò fi dé, má sì jẹ̀ẹ́ kí Dárasími pa á. Jọ̀ọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ti oúnjẹ, ti dátà Tíṣà ni, àwọn èèyàn mọ́kànlá ló ń retí èsì mi. Fi ti òróró ìfira kún un, àti ti tìmùtìmù kékeré kan.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ilé yẹn fọ́. Kí ẹni tó ń kọ́kọ́ jí níbẹ̀ máa jí sí àlàáfíà. Kí ọwọ́ ara rẹ máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ, kí bàbá rẹ sì máa rí ọ láti ibi tó wà, pé o dúró. Bí ìjà mìíràn bá tún dé, má di ẹrù, pè mí ná. Orúnkún òsì kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùtíátù.