Gílóòbù Tí Bọ̀dá Sùlé Yọ

Ajégúnlẹ̀, Ọjọ́bọ̀, 1996

Inú ń bí mi gan-an ni.

Wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé iná kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ibi tó ń dun ẹ́ńjìnnì. Lónìí, iná yẹn tàn nínú ọkọ̀ oníbàárà kan. Mo bẹ Bọ̀dá Sùlé, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ rewáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe: "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n ka iye ìgbà tí iná yẹn máa ṣẹ́jú ná."

"Ìwọ àti gírámà ẹ!" Wọ́n bá yọ gílóòbù ẹ̀. Iná kú. Oníbàárà ń dúpẹ́, ó wa ọkọ̀ tó ń tú èéfín dúdú lọ sí Wharf Road.

Bí ọmọ bá ń ké, ṣé ẹnu ẹ̀ la máa ń dí ni?

Bọ̀dá ju gílóòbù náà sí mi: "Gbà, lọ fi kàwé."

Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Kò tíì jó. Òun nìkan ló ń sọ òótọ́ nínú ọkọ̀ yẹn.