Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Àbúrò mi,

Ara wa le níbí. Ẹsẹ̀ ọmọ mi tó kán lórí pápá bọ́ọ̀lù ti ń san díẹ̀díẹ̀, má sunkún mọ́. Ìdíje wọn kò dúró dè é. Wọ́n ti gbé aṣọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ.

O mọ̀ pé n kò kàwé. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni mo fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè. Ní Sátidé, èmi àti òun jọ lọ wòran, ọ̀pá tó fi ń rìn wà láàárín wa. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án gbá góòlù wọlé. Ni mo bá fò dìde, mo ń pariwo pé, “Ọmọ mi nìyẹn!”

Ọmọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, ó ní, “Ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹ ti bí òmíràn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Ká ní ìyá rẹ̀ wà láyé ni, kò ní pe ọmọ ẹlòmíràn ní tirẹ̀.

Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ká yọ ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn kúrò, mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ń kí yín. Bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí wọ́n bá béèrè nípa bọ́ọ̀lù, sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló borí.