Ọ̀pá Èéfín Tí Mi Ò Tíì Rà

Cwm Eithin,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Heledd ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ìwọ àti Macsen ọmọ rẹ, ṣé ariwo ìlú Cardiff ò tíì dí yín létí? Bí ara yín bá le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà wà, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà. Àgùntàn méjì sọnù sínú kùrukùrù, a ti rí ọ̀kan.

Mo ti ra sítóòfù, irú èyí tí wọ́n ń fi igi dá. Má rẹ́rìn-ín. Èmi kan náà ni mo sọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí èéfín ààrò wa mú kí Macsen máa wúkọ́ tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, pé èéfín kì í pa ọmọ Cwm Eithin. O gbé ọmọ rẹ, o lọ, o ò sì wá mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Màmá rẹ náà wúkọ́ títí tó fi kú, mo ń pè é ní òtútù. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Tudur tó ń gbá ihò èéfín ní bíríkì inú tiwa ti sán, àfi kí n ra ọ̀pá irin gígùn tí wọn yóò kì bọ̀ ọ́ láti orí òrùlé wá sídìí sítóòfù, kí èéfín má baà máa yọ́ wọ yàrá tí ẹ máa ń sùn sí. Mo bá wọ orí fóònù láti rà á. Fóònù ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, kí n tẹ gbogbo àwòrán ilé tó ní ihò èéfín. Mo fo ọ̀kan, nítorí èéfín ò jáde níbẹ̀, ó dájú pé kò sẹ́ni nílé. Ó ní mo kùnà. Mo bá pe ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀. Ó ní oríṣi méjì ló wà, wọ́n fọwọ́ sọ̀yà ọdún mẹ́wàá lórí ọ̀kan, èkejì tó gbówó lórí, wọ́n ní títí ayé ni. Mo bi í pé ayé ta ni, nítorí mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò yẹ kí èmi àti ọmọ ogún ọdún san iye kan náà. Ó ní bàbá, ayé ọ̀pá náà ni. Ó wá ní olówó pọ́ọ́kú ti tó ẹni tó ń dáná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ilé rẹ̀ kún tó ń dáná tọ̀sántòru ni kó ra èkejì, èwo ni tèmi? Mo ní kó dúró ná, kí n kọ̀wé sí ọmọ mi.

Lánàá, Tudur ki ọwọ́ bọ inú ihò náà, ó fa bébà kan jáde tó ti há sáàárín bíríkì. Lẹ́tà rẹ sí Bàbá Kérésì ni, èyí tí o kọ lọ́mọ ọdún méje, tí ìwọ àti màmá rẹ jù sókè iná kí èéfín gbé e lọ bá a. Kò lọ ju ìwọ̀n apá kan lọ. O ní o ò fẹ́ bèbí, o ò fẹ́ kẹ̀kẹ́, kó ṣáà sọ fún Dádì kó fi àgùntàn sílẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, kó jókòó bá yín jẹun. Tudur bi mí bóyá èéfín ló kó sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, iná ò sí nínú ààrò láti ọjọ́ Ajé.

Kì í ṣe owó ni mo ń bèèrè. Ohun tí mo ń tọrọ ni kí o sọ èyí tí n ó rà fún mi. Bó bá jẹ́ èmi nìkan, olówó pọ́ọ́kú ti tó. Èyíkéyìí tí mo bá rà, yóò dí ihò náà, lẹ́tà ò ní gba ibẹ̀ mọ́, nítorí náà bí Macsen bá ní ohun tó ń fẹ́, kó kọ ọ́ sí mi tààrà, n ó kà á.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ohun tí ojú mi rí, ojú rẹ ò ní rí i lára ọmọ tìrẹ. Àga mẹ́ta ni mo tò sídìí tábìlì, mo sì ti jókòó sórí ọ̀kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ifor