Ohun Tí Metty Origer Gbà Bọ̀ Wálé

Sí Màmá Triny Origer, Liette ọmọ wọn, àti gbogbo ẹbí ní Remich,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Àwọn Aṣojú Tó Ti Fẹ̀yìntì ní ilẹ̀ Lúksẹ́mbọ̀rg jókòó sí pálọ̀ yín lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Màmá bu ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé fún wa, wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ kan: “Ẹ̀yin tí ẹ bá a ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọkọ mi gbà bọ̀ fún wa níbi ìdúnàádúrà àdéhùn yẹn?” Kò sí ẹnì kan nínú wa tó dáhùn. Ńṣe ni a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ tó ti tutù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn wá, nítorí náà ìwé yìí kì í ṣe ìkẹ́dùn nìkan, ó jẹ́ gbèsè ìdáhùn.

A mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Nígbà tí wọ́n buwọ́ lu àdéhùn tuntun ti Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé ìròyìn kan nílé níbí pe Metty ní “agbáwo àwọn ọlọ́lá”. Wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá mú tiwọn lọ, àwọn ilẹ̀ tó ń pẹja mú tiwọn lọ, àwa tí a gbà wọ́n lálejò ni a sì fọ abọ́. Liette gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé. Metty kò fèsì kankan títí ó fi jáde láyé.

Ẹ jẹ́ kí a ròyìn ohun tí ojú wa rí. Lọ́dún náà, ipò alága Ìṣọ̀kan yí kan orílẹ̀-èdè wa, bí ó ti ń yí kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ńlá àti kékeré. Metty ló sì di olórí ìdúnàádúrà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ilẹ̀ ńlá, ọkùnrin gíga kan tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, na apá, ó ní, “Metty, ilẹ̀ yín yìí mà kéré o! Bí mo bá sín ní ìbodè kan, ẹni tó wà ní ìbodè kejì ni yóò kí mi pẹ̀lẹ́.”

“Òótọ́ ni, ọ̀gá mi,” ni Metty dá a lóhùn. “Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbí ká má gbọ́.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣe iṣẹ́ náà ṣì ń jọ wá lójú. Ó máa ń pe àwọn aṣojú lọ́kọ̀ọ̀kan wọ yàrá kékeré kan, èyí tí wọ́n sọ ní yàrá ìjẹ́wọ́. Kò ní bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. “Ohun tí o fẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí o kà lánàá,” ni yóò wí. “Èyí tí o kò lè gbé délé ni kí o sọ fún mi.” Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń kú sí.

Lọ́jọ́ tí aṣojú ilẹ̀ erékùṣù kan di báàgì rẹ̀, tó ní òun ń lọ, Metty kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ebi ń pa òun, ó sì mú un lọ sí ọjà àríyá tó ń lọ lọ́wọ́ nígboro. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n ti ń dín àkàrà ọ̀dùnkún, òróró ń kán sí ẹ̀wù àwọ̀lékè àlejò náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìkẹta tán kí ó tó sọ̀rọ̀: “Ẹ lè fi ìbò ẹni tó pọ̀ jù pinnu ọ̀rọ̀ ọjà, mo gbà. Ṣùgbọ́n owó orí! Bí mo bá gbé ìyẹn délé, wọn ó sọ mí lókùúta.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ owó orí sọ́tọ̀, báàgì sì tú. Ibẹ̀ ni àdéhùn náà ti rí ìgbàlà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ọkùnrin gíga ọjọ́sí ló dá a lábàá: kí ipò alága má yípo mọ́, kí ó wà lọ́wọ́ àwọn ilẹ̀ tó ní èrò púpọ̀ nìkan. Bí ìyẹn bá wọlé, àga alága ní orí tábìlì di èèwọ̀ fún wa títí ayé nìyẹn. Àwa tí a jókòó sẹ́yìn Metty ń làágùn. Ṣùgbọ́n òun kò lọ gbẹ́nu sí etí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin náà dìde láti gbèjà àbá rẹ̀. Ó wo Metty, ó wò ó pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ta tiẹ̀ ni kí n fi rọ́pò eléyìí?” Ó fa ìlà pa àbá náà fúnra rẹ̀. “Ó dáa, Metty. Gbogbo wa ti rí nǹkan gbà. Ìwọ ńkọ́? Kí ni tìrẹ?”

“Ẹ gbé ife yín wá,” ni Metty wí, “kọfí ṣì kù.”

Nígbà tí a kúrò lọ́dọ̀ yín, a tún àdéhùn náà kà látòkèdélẹ̀. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó dárúkọ èrè wa.

Màmá, ẹgbẹ́ wa kò ní fi yín sílẹ̀. Bí àsìkò ìkórè àjàrà bá dé, ọwọ́ wa yóò wà nínú oko Metty létí odò Moselle, Jempi Nilles, ọ̀kan nínú wa, yóò sì máa fi ọkọ̀ gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí Metty ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń ṣe.

Ní ti ìbéèrè yín, ẹ gbójú sókè. Lórí ògiri, lókè àga tí ẹ fi wá sí, ni àwòrán ọjọ́ ìbuwọ́lùwé wà. Abẹ́ rẹ̀ gan-an la jókòó sí, tí a ń wá ìdáhùn nínú abọ́ ọbẹ̀. Àwọn ọlọ́lá tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, Metty yín sì wà lórí àga alága ní orí tábìlì. Ní oṣù tó ń bọ̀, ipò alága yóò tún yí kàn wá, ọmọbìnrin ilẹ̀ wa kan láti Wiltz ni yóò sì jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ló fún un láyè.

Àga yẹn ni ọkọ yín gbà bọ̀. Kí Ọlọ́run Olùtùnú jókòó tì yín níbi tí Metty ti dìde.

Gilles Feltgen, akọ̀wé,
ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́